Ìdí tí ìṣàn tí eré rẹ̀ kò dọ́gba fi ń pa rúkèrúdò inú pílásímà

Olùkàwé kan kọ̀wé pé: “Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Olùkọ́ físíìsì ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi bi mí léèrè ìdí tí ẹ̀rọ ìdàpọ̀ átọ́ọ̀mù kò fi tíì máa fún wa ní iná mànàmáná, mo sì dá wọn lóhùn pé òòfà kò tíì lágbára tó láti di pílásímà mú. Lẹ́yìn náà ni mo kà á pé òòfà ti dì í mú, pé rúkèrúdò inú rẹ̀ ni ìṣòro, àti pé ìṣàn tí eré rẹ̀ kò dọ́gba ló ń pa rúkèrúdò náà. Èyí gan-an ló dà mí láàmú. Nínú odò, ibi tí omi tó ń sáré ti ń fara kan omi tó ń rọra lọ ni a ti ń rí omi tó ń yí. Báwo ni ohun tó ń bí rúkèrúdò nínú omi ṣe wá ń pa á nínú pílásímà? Tó bá sì jẹ́ òótọ́, kí ló dé tí wọn kò kàn fi agbára yí pílásímà ọ̀hún, kí wàhálà parí?”

Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Ohun méjì ló lọ́ mọ́ra nínú ìbéèrè yín, ẹ jẹ́ kí n tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́ ni ìdáhùn tí ẹ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín nípa òòfà. Kì í ṣe irọ́ pátápátá, àmọ́ kò tíì dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Èkejì ni ti odò. Ohun tí ẹ sọ nípa odò tọ̀nà délẹ̀délẹ̀, àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí sì máa ń bi mí ní ìbéèrè kan náà gẹ́lẹ́. Odò kò purọ́. Ohun tó yàtọ̀ ni ibi tí rúkèrúdò ti ń rí agbára tó fi ń dàgbà, ìyẹn sì ni n ó pẹ́ lé lórí jù.

Ẹ jẹ́ ká ti orí òòfà bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ tí a fẹ́ kí ẹ̀rọ yìí ṣe ni kí ó mú deuterium àti tritium, oríṣi háídírójìn méjì tó wúwo ju èyí tí gbogbo èèyàn mọ̀ lọ, kí kókó wọn sì dà pọ̀ di helium. Iná mànàmáná kan náà ló wà lára kókó méjèèjì, nítorí náà ṣe ni wọ́n ń ti ara wọn dànù, àfi tí wọ́n bá ń sáré gidigidi ni wọ́n fi lè sún mọ́ra tó. Eré yẹn náà ni ìgbóná. Nínú ITER, ẹ̀rọ ńlá tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè jọ ń kọ́ sí Cadarache ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, ohun tí wọ́n ń lé ni 150 mílíọ̀nù dígíríì Celsius, bí ìlọ́po mẹ́wàá ìgbóná àárín gbùngbùn oòrùn. Ní irú ìgbóná bẹ́ẹ̀, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ti já kúrò lára átọ́ọ̀mù. Áyọ́ọ̀nù àti ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó wá ń rìn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ yìí ni à ń pè ní pílásímà. Ohunkóhun tó bá sì ní iná mànàmáná lára kì í lè gba inú pápá òòfà kọjá bó ṣe wù ú: ṣe ló máa ń lọ́ yí ìlà òòfà po bó ti ń sáré lọ lórí ìlà náà. Òbìrìkítí tí áyọ́ọ̀nù ń yí nínú ẹ̀rọ ńlá kò ju mílímítà díẹ̀ lọ, ti ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù sì kéré sí i jìnnà. Ẹ̀rọ tí a ń fi mítà wọ̀n, òbìrìkítí tí a ń fi mílímítà wọ̀n: òòfà ti dì í mú nìyẹn. Àwọn ará Sófíẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n dá ẹ̀rọ onírísí òrùka tí à ń pè ní tokamak sílẹ̀, ti kéde èyí ní ọdún 1968. Nígbà tí àwọn kan ṣiyèméjì, àwọn onímọ̀ láti Culham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ẹ̀rọ lésà wọn lọ sí Mọsko ní ọdún 1969, wọ́n wọn ìgbóná náà fúnra wọn, ó sì rí bí wọ́n ṣe wí.

Ohun tó ṣẹ́kù ni bí ooru ṣe ń jò. Tí áyọ́ọ̀nù méjì bá kọlu ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè bọ́ kúrò lórí ìlà òòfà tó wà bọ́ sórí èyí tó tẹ̀ lé e, ooru á sì máa yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀. Ìṣirò ìyẹn ti wà nílẹ̀ tipẹ́, ó sì dára. Tó bá jẹ́ ìkọlura nìkan ni, ẹ̀rọ tó kéré ju ITER lọ fíìfíì ì bá ti tó. Àmọ́ nígbà tí wọ́n wọn ooru tó ń jáde nínú ẹ̀rọ lóòótọ́, ó pọ̀ ju ìṣirò yẹn lọ, ti ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tilẹ̀ ju ìlọ́po mẹ́wàá lọ dáadáa. Ohun tó ń gbé èyí tó lé yẹn jáde ni rúkèrúdò.

Ẹ wo ìdagẹ̀rẹ́ ìgbóná tó wà níbẹ̀. Láti àárín pílásímà ITER dé etí rẹ̀ jẹ́ mítà méjì. Àárín ń gbóná ní 150 mílíọ̀nù, ẹ̀yìn etí sì ni ògiri irin tí kò gbọdọ̀ yọ́. Irú ìdagẹ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í jókòó jẹ́ẹ́. Pápá òòfà lágbára ní ẹ̀gbẹ́ inú òrùka, ó rọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ìta, àwọn ìlà rẹ̀ sì tẹ̀. Nítorí náà áyọ́ọ̀nù máa ń rọra sún sí apá kan, sókè tàbí sísàlẹ̀, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù á sún sí òdìkejì, èyí tó bá sì gbóná jù ló ń sún yára jù. Ká ní ìwọ̀nba pílásímà gbígbóná kan wú síta wọ àárín èyí tó tutù. Áyọ́ọ̀nù á pọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù á pọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, pápá iná mànàmáná á sì dìde láàárín wọn. Nínú pápá òòfà, pápá iná mànàmáná kì í gbé nǹkan lọ tààrà síbi tó kọjú sí. Ẹ̀gbẹ́ ló ń gbé e gbà, ní ìgun títọ́ sí pápá méjèèjì, ó sì ń gbé áyọ́ọ̀nù àti ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ sọ́nà kan náà ní eré kan náà. Ní ẹ̀gbẹ́ ìta òrùka, ìgbélọ yìí ń ti èyí tó gbóná síta sí i, ó sì ń fa èyí tó tutù wọlé, bẹ́ẹ̀ ni wíwú kékeré ṣe ń di ńlá. Ní ẹ̀gbẹ́ inú, ohun kan náà ló ń tì í padà sáyè rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí rúkèrúdò fi máa ń le ní ìta ju inú lọ.

Ohun tó ń jáde látinú èyí ni àwọn ààjà kéékèèké tó kún inú pílásímà. Wọ́n gùn ní ọ̀pọ̀ mítà lórí ìlà òòfà, ṣùgbọ́n tí ẹ bá gé pílásímà wò ní ìdábùú, sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ ni fífẹ̀ wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan kì í lò tó ìdá kan nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá kó tó tú ká. Ní àárín pílásímà, ìyàtọ̀ tí wọ́n ń mú bá ìgbóná kì í sábà ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ, síbẹ̀ ìyẹn ti tó láti gbé ooru lọ. Wọ́n tún ní ìwà kan tó le: bí ìdagẹ̀rẹ́ kò bá tíì ga dé ìwọ̀n kan, wọn kò ní dìde rárá, bó bá ti kọjá ibẹ̀ díẹ̀, wọ́n á ya bo gbogbo ibẹ̀. Nítorí náà, tí ẹ bá da ooru kún àárín láti mú un gbóná sí i, rúkèrúdò ló máa ń pọ̀ sí i, ìgbóná ò ní fi bẹ́ẹ̀ gòkè.

Ó wá kan ìṣàn. Tí pápá iná mànàmáná kan bá wà tó kọjú láti àárín pílásímà sí etí, tàbí láti etí sí àárín, òfin ìgbélọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yìí á mú kí pílásímà máa ṣàn yípo lórí ìpele kọ̀ọ̀kan, láìsí pé ó gbé ohunkóhun jáde. Tí pápá náà kò bá lágbára dọ́gba níbi gbogbo, ìpele kan á máa sáré ju èyí tó tẹ̀ lé e lọ. Ìyẹn ni ìṣàn tí eré rẹ̀ kò dọ́gba. Ẹ wá fojú inú wo àwọn èèyàn tó to ìlà kan, tí wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, tí wọ́n jọ ń rìn lọ síwájú, ṣùgbọ́n tí ẹni kọ̀ọ̀kan ń yára ju ẹni tó wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀ lọ. Kò ní pẹ́ tí ìlà náà á fi dagun, á nà, ọwọ́ á sì já. Ohun tó ń ṣe ààjà tó bá na ara rẹ̀ kọjá ìpele púpọ̀ nìyẹn. Apá rẹ̀ tó wà lórí ìpele tó ń sáré á lọ, èyí tó wà lórí ìpele tó ń rọra lọ á ṣẹ́kù sẹ́yìn, ààjà á dagun, á tín-ín-rín, á sì já kó tó gbé ooru rìn jìnnà. Ìgbésẹ̀ tó ń gbé ooru jáde ti kúrú nìyẹn, ooru tó ń jò á sì dínkù gan-an, torí bí ìgbésẹ̀ bá kúrú dé ìdajì, jíjò á dínkù dé ìdá kan nínú mẹ́rin. Biglari, Diamond àti Terry fi ìṣirò gbé èyí kalẹ̀ ní ọdún 1990. Ìlànà tí à ń lò lójoojúmọ́ báyìí kò sì le: ká fi bí ìṣàn ṣe ń yára ya ààjà wé bí ààjà ṣe ń yára dàgbà. Tí yíya bá ti sún mọ́ dídàgbà, rúkèrúdò ti wọ wàhálà.

Kí ló dé tí èyí kì í ṣẹlẹ̀ nínú odò yín? Nínú odò, ìyàtọ̀ eré omi náà gan-an ni agbára tí ààjà fi ń dàgbà. Ó ń jí i lára ìṣàn ni. Ẹ mú ìyàtọ̀ eré kúrò, ààjà ti kú nìyẹn. Nínú pílásímà, ìdagẹ̀rẹ́ ìgbóná ni agbára ààjà ti ń wá, ìṣàn kò bí i. Àlejò tó wá já a sí wẹ́wẹ́ ni ìṣàn jẹ́ sí i. Ẹ lè ní, ṣé ìṣàn náà kò lè wá bí ààjà tirẹ̀ ni? Ó máa ń fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n irú ààjà tí ìyàtọ̀ eré ń bí nínú omi máa ń fẹ́ láyè láti yí dáadáa, bẹ́ẹ̀ àwọn ìlà òòfà inú tokamak kò lọ́ bákan náà: títẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ní ìpele kan yàtọ̀ sí ti ìpele kejì. Ààjà tó gùn lórí ìlà kan kò rọrùn fún láti ràn mọ́ ìlà tó gba ibòmíràn. Èyí ló ń ká a lọ́wọ́ kò. Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín. Nínú omi odò, ààjà ńlá ń fọ́ sí kéékèèké, àwọn kéékèèké ń fọ́ sí èyí tó tún kéré sí i, títí agbára wọn á fi di ooru. Nínú pílásímà, òòfà kò jẹ́ kí ààjà yí sọ́nà gbogbo, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé lórí pẹrẹsẹ nìkan ni wọ́n ti ń yí. Lórí pẹrẹsẹ bẹ́ẹ̀, agbára lè gba ọ̀nà kejì, kí kéékèèké máa dà pọ̀ di ńlá.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti wọ̀ mí lára jù, torí ohun tó tẹ̀ lé e ni pé rúkèrúdò fúnra rẹ̀ ló ń bí ìṣàn tó ń pa á. Ààjà tí ìṣàn kékeré kan ti mú dagun kì í gbé ooru nìkan, ó tún ń gbé eré láti ìpele kan lọ sí òmíràn, ibi tó sì ń gbé e lọ ni ibi tí yóò ti fi kún ìṣàn tó mú un dagun. Ìṣàn á lágbára sí i, ààjà á dagun sí i. Irú ìṣàn tó ń yí gbogbo òrùka ká báyìí, tí rúkèrúdò bí, wà lójú ọ̀run pẹ̀lú: àwọn àmùrè aláwọ̀ méjì-mẹ́ta tó yí Júpítà ká jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀, ìṣirò tí Hasegawa àti Mima fi ṣàlàyé pílásímà ní ìparí àwọn ọdún 1970 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá èyí tí àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ti ń lò dọ́gba. Lórí kọ̀ǹpútà, a máa ń rí i kedere. Nígbà tí àfarawé bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àwọn ààjà máa ń rí gbọọrọ bí ìka, láti inú síta, àwọ̀ pupa àti búlúù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Lẹ́yìn náà ìṣàn á yọ, àwọn ìka yẹn á sì já wẹ́wẹ́ níṣojú ẹni. Tí a bá mọ̀ọ́mọ̀ pa ìṣàn náà nínú ìṣirò, kí a wò ó bí ì bá ti rí láìsí i, ooru tó ń jáde á fò sókè lọ́pọ̀ ìlọ́po. Lin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ irú àbájáde yìí jáde ní ọdún 1998. Ní ọdún 2004, Fujisawa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jàpáánì ròyìn pé àwọn ti wọn ìṣàn náà nínú ẹ̀rọ CHS gan-an, kì í ṣe nínú ìṣirò nìkan.

Ẹ̀rí tó lágbára jù ti wà kí gbogbo àlàyé yìí tó dé. Ní ọdún 1982, Fritz Wagner ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ ASDEX ní Garching ní ilẹ̀ Jámánì. Bí wọ́n ṣe fi ooru kún pílásímà dé ibì kan, ó ṣàdédé bọ́ sí ipò mìíràn tó ń pa ooru mọ́ ní bí ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀. Ipò yìí ni à ń pè ní H-mode, ìyẹn ipò H. Ẹni tó bá jókòó sí yàrá ìdarí á rí i lórí ìlà kan ṣoṣo, ìlà tó ń fi ìmọ́lẹ̀ tí deuterium ń tàn ní etí pílásímà hàn. Ìlà náà á máa gbọ̀n lókè, lójijì á já wálẹ̀, iye pílásímà inú ẹ̀rọ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, torí ohun tó ń jò ti dẹ́kun jíjò. Ní nǹkan bí ọdún 1990, àwọn tó ń wọn nǹkan lórí DIII-D ní Amẹ́ríkà àti JFT-2M ní Jàpáánì rí i pé pápá iná mànàmáná etí pílásímà ń jìn kòtò lásìkò yẹn, láàárín sẹ̀ǹtímítà díẹ̀, eré ìṣàn ibẹ̀ sì ń yàtọ̀ gan-an láti ìpele dé ìpele. Sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ lè dà bíi pé kò jẹ́ nǹkan kan. Ẹ rántí ìwà ìdagẹ̀rẹ́ tí mo sọ: bí ìgbóná etí bá ti gòkè, ti gbogbo àárín á bá a gòkè. Ohun tó sì kọ́kọ́ ń tanná ran ìyípadà náà ṣì ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Àwọn kan ní ìṣàn tí rúkèrúdò bí ló ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àwọn kan ní ìfúnpá àwọn áyọ́ọ̀nù létí ni. Èmi rò pé ti àkọ́kọ́ ló ń ṣílẹ̀kùn, ti ìkejì ló ń dì í mú kó má padà tì, ṣùgbọ́n n kò ní bá ẹni tó bá rò ó lọ́nà mìíràn jà.

Ẹ ní kí ló dé tí wọn kò kàn yí i. Wọ́n ń yí i. Àwọn ẹ̀rọ púpọ̀ ń yin átọ́ọ̀mù tó ń sáré gan-an wọ inú pílásímà láti ẹ̀gbẹ́, pílásímà á sì máa yí pẹ̀lú eré ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ṣùgbọ́n yíyí lásán kò pa ohunkóhun. Tí gbogbo rẹ̀ bá ń yí pọ̀ ní eré kan náà, ààjà á bá a yí ni. Ìyàtọ̀ eré ni oògùn rẹ̀. Ibí yìí sì ni odò yín ti padà ní ẹ̀tọ́: púpọ̀ nínú yíyí bẹ́ẹ̀ ń lọ lórí ìlà òòfà, ìyàtọ̀ eré tó bá sì wà lórí ìlà òòfà, tó pọ̀ jù, ń bí rúkèrúdò tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe rí i nínú omi. Ohun tó tún ká wa lára ni pé ITER tóbi. Kí átọ́ọ̀mù tó lè wọ àárín rẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ fún un ní agbára tó tó ìlọ́po mẹ́wàá ti àwọn ẹ̀rọ tó wà tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ bí agbára átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan bá ṣe pọ̀ tó ni ìtì tí a ń rí fún iye ooru kan náà ṣe ń kéré tó. Àti pílásímà ńlá, àti ìtì kékeré. Mi ò gbójú lé e rárá pé yíyí láti ìta ni yóò gba ITER là. Ìṣàn tí pílásímà bá bí fúnra rẹ̀ àti etí ipò H ni ìrètí wà lé.

Àwọn ọ̀nà mìíràn wà. Èyí tí ITER yàn ni kí ẹ̀rọ tóbi, kó lè pẹ́ kí ooru tó rí ọ̀nà jáde, ó dájú, àmọ́ owó àti ọdún tó ń jẹ kì í ṣe kékeré. Ọ̀nà kejì ni òòfà tó lágbára sí i, torí bí pápá bá lágbára, òbìrìkítí áyọ́ọ̀nù á kéré, ààjà á sì kéré tẹ̀ lé e. Ẹ̀rọ SPARC tí wọ́n ń kọ́ ní Massachusetts ní Amẹ́ríkà gbójú lé èyí, pápá tirẹ̀ á lé ní 12 tẹ́sílà, ti ITER jẹ́ 5.3. Nítorí náà ìdáhùn tí ẹ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò ṣòfò: òòfà tó lágbára ń ṣèrànwọ́, ààjà tó ń sọ kéré ni ìrànwọ́ náà. Ọ̀nà kẹta ni ìrísí. Lórí ẹ̀rọ TCV ní Lausanne ní Switzerland, àti lẹ́yìn náà lórí DIII-D, wọ́n yí ojú pílásímà tó rí bí lẹ́tà D sódì, rúkèrúdò sì dínkù láìsí pé wọ́n nílò ipò H. Èyí wù mí púpọ̀. Ẹ̀rọ Wendelstein 7-X ní Greifswald ní Jámánì, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 2015, kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀: wọ́n ṣírò ìrísí òòfà rẹ̀ kí jíjò tó ń ti inú ìkọlura wá lè dínkù, ó sì dínkù lóòótọ́, rúkèrúdò sì wá di èyí tó ń gba iwájú.

Ẹ má sì jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rò pé pípa rúkèrúdò pátápátá ni ó yẹ ká máa lé. Helium tí ìdàpọ̀ bá mú jáde jẹ́ eérú, ó gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde, rúkèrúdò sì wà lára ohun tó ń gbé e jáde. Níbi tí pílásímà bá ti pa nǹkan mọ́ jù, tungsten tó ń ṣí lára ògiri lè kó jọ sí àárín, á máa tan ooru dànù bí ìmọ́lẹ̀ títí iná á fi kú. Ipò H náà ní ìyọnu tirẹ̀: etí tó ga tó bẹ́ẹ̀ máa ń bú léraléra, ó sì ń ju ooru lu ògiri. Ẹ̀rọ kékeré lè fara dà á, ITER kò ní lè fara da àwọn ńlá ńlá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi àwọn òòfà àkànṣe sí i láti máa dí bíbú náà lọ́wọ́. Lẹ́yìn gbogbo èyí, ọ̀rọ̀ irin tí neutron tó ń jáde látinú ìdàpọ̀ ń bà jẹ́ àti bí a ó ṣe máa pèsè tritium ṣì ń dúró, wọn kò sì ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú rúkèrúdò.

Nípa ibi tí a dé, ẹ̀rọ tokamak JET ní Culham mú 69 mẹ́gájúùlù agbára jáde nínú ìdánwò kan ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023, kí wọ́n tó tì í pa ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, ìyẹn sì jẹ́ iṣẹ́ ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Tokamak WEST ní Faransé di pílásímà mú fún 1,337 ìṣẹ́jú àáyá ní oṣù Kejì ọdún 2025, ṣùgbọ́n kò sí tritium nínú rẹ̀. Ohun tí ITER ń lé ni 500 mẹ́gáwáàtì látinú 50 tí wọ́n bá fi gbóná rẹ̀. Ètò tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2024 sì fi ìdánwò deuterium pẹ̀lú tritium sí ọdún 2039. Ìṣirò wa lórí rúkèrúdò àárín pílásímà ti dára débi pé mo lè fi ọkàn tán an. Ti etí kò tíì rí bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, orí bí ìgbóná etí bá ṣe ga tó ni 500 yẹn dúró lé.